Èmi Ni Mo Jókòó ní Ìlà Kẹfà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ farabalẹ̀ bú mi. Ẹ má kánjú rárá. Èébú tó tọ́ sí mi pọ̀, mo sì ti jẹun yó kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kà á dé ìparí ná.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo kàwé gboyè. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú férémù lára ògiri yàrá àǹtí mi, nítorí èmi fúnra mi kò ní ògiri. Àbúrò ìyá mi ni àǹtí mi yìí. Òun ló ń bọ́ mi láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ ti ń sá fún mi bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ níyà rí.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán orin tó tóbi jù nílùú wa. Ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò, ó ń fà á ya sí méjì, ó ń dá ìdajì padà, ó ń ní kí wọ́n máa gbádùn.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: ó ń dúró. Wákàtí mẹ́jọ gbáko. Òfin máníjà ni pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jókòó títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó ní òṣìṣẹ́ tó bá jókòó máa ń jọ ọ̀lẹ lójú oníbàárà. Nínú gbọ̀ngán tó ní ẹgbàá àga, àga onítìmùtìmù pupa, kò sí ẹyọ kan tí àwọn ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè fìdí lé.

Bí àǹtí mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi gbígbóná oníyọ̀, yóò sì máa bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bínú sí mi, ó ku ọdún mẹ́rin péré kí n fẹ̀yìn tì."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kí bẹ́ẹ̀.

Ó lè fara dà á. Èmi ni mi ò lè fara dà á. Mo ní èyí kì í ṣe iṣẹ́, ìyà ni. Mo kọ lẹ́tà sí máníjà, kò fèsì. Mo kọ òmíràn, ó fi wé nǹkan. Ni mo bá lọ ra gbohùngbohùn alágbèéká, irú èyí tó ní bọ́tìnnì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jẹ́ pé bí o bá ti sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí o wá tẹ bọ́tìnnì yẹn, yóò máa tún ohùn rẹ sọ títí o ó fi pa á. Mo ké sínú rẹ̀, mo ní:

"Ẹgbàá àga! Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́! Kò séyìí tó jókòó! Ẹni tó bá wọlé lọ jókòó, orí wa ló jókòó lé!"

Oṣù mẹ́ta ni ohùn yẹn fi lu ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán náà. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ààrẹ Àga. Orí mi wú. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ akọ̀wé gbà ti di ààrẹ.

Nígbà tó yá, máníjà pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tó máa ń fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó, kódà àga tirẹ̀. Òun nìkan ló jókòó. Gbogbo wa dúró.

"Ẹ ò lè fìmọ̀ ṣọ̀kan," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ yín. Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, Adánìkanrò ń bọ̀ wá kọrin níbí. Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán láti oṣù tó kọjá. Mo máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́: ìlà kẹfà, ọgbọ̀n àga. Ẹ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà bó bá wù yín, mo ní àwọn akọ̀wé tó lè ṣe é. Bí orin bá parí tí ìlà kẹfà ṣófo, ẹ ó gba àga yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ìdí ẹnìkan péré níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ àga mọ́ láé."

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

"Ìwọ tó kàwé, kọ ọ́."

Mo kọ ọ́: Bí ìlà kẹfà bá ṣófo nígbà tí orin bá parí, òṣìṣẹ́ yóò ní àga. Ó bu ọwọ́ lù ú. Àǹtí mi ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sáyà.

Gbogbo wọn ń yọ̀ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èmi nìkan ni mi ò yọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga. Orúkọ olórin yẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Adánìkanrò jẹ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Onígìtá ni. Kì í jó, kì í fò sókè, kì í ní kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́. Orí àpótí onígi kan báyìí ló máa ń jókòó sí, yóò di ojú, yóò sì máa kọrin bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wíjọ́ nínú balùwẹ̀, nípa nǹkan tí ẹlòmíì ò kà sí. Ó ní orin kan nípa ṣíbí tó kù sínú àwo. Èyí tó lókìkí jù nínú orin rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà, ìbọ̀sẹ̀ tí ìkejì rẹ̀ sọnù ló dá lé lórí. Ní àárín orin ìbọ̀sẹ̀ yìí, yóò ṣàdédé dákẹ́. Yóò dákẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì. Àwa tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà pé ibẹ̀ gan-an lorin wà.

Ní ọdún tí mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí ẹyọ kan ò lésì, orin ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń sùn. Mo rí ara mi níbẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó mọ́, ó gbẹ, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó ń lo gbohùngbohùn kò yẹ lẹ́ni tó ń sunkún lórí ìbọ̀sẹ̀. Àǹtí mi gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù mi, ó fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí. Orin ni."

"Kí ló wá ń ṣe é? Ṣé ebi ni?"

Mo pa á. Mi ò jẹ́ kó gbọ́ ọ mọ́.

Nísinsìnyí, Adánìkanrò ń bọ̀ nílùú wa. Ó sì ti kéde pé lẹ́yìn èyí, òun ò ní kọrin lójú èrò mọ́, pé ojú èrò máa ń ba òun lẹ́rù. Ìgbà àkọ́kọ́, ìgbà ìkẹyìn. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni màá dúró níta, tí màá máa pariwo pé kí èèyàn má wọlé.

Mo ní kò burú. Mo ní ìjà níwájú, orin lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń wí i, ọkàn mi ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a pàdé ní yàrá ìpàrọ̀ṣọ àwọn òṣìṣẹ́. Oníkálukú sọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi Ààrẹ ni màá fà wọ́n ya lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Mo ya ti alágbàálẹ̀, wọ́n hó yèè. Mo ya ti ẹni tó ń tan iná orí ìtàgé, wọ́n hó yèè. Mo yà á, mo yà á, títí ó fi ku ti àǹtí mi nìkan.

Mo yí i padà lọ́wọ́. Orúkọ Adánìkanrò wà lára rẹ̀. Àwòrán gìtá kékeré kan wà ní igun, ó dá wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn náà, bébà tí wọ́n fi wé ọṣẹ kan wà níbẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni òun àti tíkẹ́ẹ̀tì, ewéko pẹ̀lú funfun. Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti tíkẹ́ẹ̀tì bọ apá aṣọ mi, mo gbé bébà ọṣẹ sókè, mo fà á ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́.

"Ó parí!" mo ké.

Ariwo sọ. Àǹtí mi nìkan ni kò pariwo. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó gbóòórùn nǹkan, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, kí n ṣáà fi kọjá ẹnu ọ̀nà ni. Mi ò ní jókòó ní ìlà kẹfà, láéláé. Ẹ̀yìn pátápátá ni màá dúró sí, lára ògiri, màá gbọ́ orin ìbọ̀sẹ̀ nìkan, màá sì jáde. Ìlà kẹfà yóò ṣófo, àǹtí mi yóò gba àga, ọkàn mi yóò gba orin. Ta ni mo ṣẹ̀?

Ọjọ́ Sátidé pé. A tò síwájú gbọ̀ngán pẹ̀lú páálí tí a kọ ọ̀rọ̀ àga sí lọ́wọ́. Máníjà ti ní kí wọ́n da omi sórí àtẹ̀gùn, kí ẹnì kankan nínú wa má baà rí ibi jókòó. Oòrùn ń mú. Èrò ń wọlé, gbohùngbohùn mi ń lu wọ́n létí, àwọn kan ń dorí kodò, àwọn kan ń sáré. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, mo pa ẹ̀rọ náà, mo jù ú sínú báàgì.

"Ààrẹ, níbo?" àǹtí mi bi mí.

"Bátìrì ló ń kú, Àǹtí. Mò ń lọ ra òmíràn."

"Èyí tó ń ké bí ẹni tí oyin ta yìí?"

"Inú ló ti ń kú, Àǹtí. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lóde."

Ó fi ọwọ́ gbọn eruku kan lára èjìká mi. Kò sí eruku níbẹ̀.

"Yára bọ̀. Ìwọ lẹnu wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Kò gún mi tó láti dá mi dúró. Mo ra bátìrì lóòótọ́, kí irọ́ mi má baà pọ̀ jù. Mẹ́fà, àwọn ńlá. Mo kì wọ́n sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, mo wọ ẹ̀wù òjò tí mo ti kó pamọ́, mo fi ìbòrí rẹ̀ borí, mo wọ awò dúdú, nínú oòrùn ọ̀sán ganrín-ganrín, mo gba ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn gbọ̀ngán lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́.

Akọ̀wé kan tí wọ́n gbé wá láti ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀. Kò ya tíkẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Ó ya tèmi sí mẹ́ta, ó wo ohun tó ṣe, ó kó gbogbo rẹ̀ fún mi.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, wákàtí kan rèé tí mo ti dúró."

Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo rántí ibi tí mo wà. Mo pa ẹnu mọ́.

Inú gbọ̀ngán ṣókùnkùn, awò mi náà dúdú. Mo fi orúnkún gbá òpó kan, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí ògiri ẹ̀yìn, mo fara tì í. Mo mí kanlẹ̀. Ni iná tọ́ọ̀ṣì bá là mí lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," akọ̀wé mìíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ọlọ́yàyà kan báyìí.

"Mo fẹ́ dúró."

"Àlejò ò gbọdọ̀ dúró nínú gbọ̀ngán. Òfin ni."

"Orúnkún mi ló ń dùn mí, kì í ká."

"Ẹ nà án. Àyè wà lọ́dọ̀ yín dáadáa." Ó ti tan tọ́ọ̀ṣì sórí tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó ń to ẹ̀já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. "Ìlà kẹfà. Àga kẹẹ̀ẹ́dógún. Áà! Àárín gbùngbùn!"

Òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ jókòó, àlejò ò gbọdọ̀ dúró! Ìwà ìrẹ́nijẹ ibẹ̀ bí mi nínú débi pé ọwọ́ mi ti wọ inú báàgì lọ bá gbohùngbohùn kí n tó rántí. Ọkùnrin yẹn ti dì mí lápá. Gbogbo ojú ń tẹ̀ lé iná tọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo bá jà, wọ́n á dá mi mọ̀. Bí mo bá sá, wọ́n á lé mi. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni. Mo jókòó.

Ẹ wò mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbọ̀ngán kún dẹ́nu. Àga mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣófo nínú ìlà kan, mẹ́rìnlá lápá òsì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápá ọ̀tún, obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò wà láàárín wọn bí eyín kan ṣoṣo nínú ẹnu arúgbó.

Ọkùnrin kan fi ìka tọ́ mi láti ìlà keje.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ra gbogbo ìlà yìí ni?"

Mo fa ìbòrí mi wálẹ̀ sí i.

"Òjò náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin nìkan ló fẹ́ rọ̀ lé?"

Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú àga títí ó fi jẹ́ pé ọrùn ni mo fi jókòó. Mo gbé báàgì mi lé orí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Àga ibẹ̀, ìjókòó wọn máa ń ká sókè fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Bátìrì mẹ́fà ló tẹ ìjókòó yẹn mọ́lẹ̀ fún mi.

Adánìkanrò jáde. Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó wò ó, ó sún un díẹ̀, ó tún wò ó, ó dá a padà sí ibi tó wà. Mo ti ń sunkún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di ojú, ó fọwọ́ kan gìtá, ó sì fi orin ìbọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Orí mi ń rìn. Mo gbàgbé àǹtí mi. Mo gbàgbé oòrùn, mo gbàgbé omi tí wọ́n dà sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó dé ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ń bi kọ́bọ́ọ̀dù pé, "Ṣé èmi ni mo sọnù, àbí òun?", ó dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dé. Ẹgbàá èèyàn, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́, a ó gbọ́. Ikun ti dí mi nímú. Mo rọra na ọwọ́ sínú báàgì láti yọ áńkáṣíìfù. Báàgì náà fì sẹ́yìn díẹ̀, ó ti ibi tó ti ń tẹ ìjókòó yẹ̀. Àga náà ká sókè lójijì, gbàmù, ó gbé báàgì mì bí ọ̀nì.

Ohùn mi sì jáde láti inú àga.

"ẸGBÀÁ ÀGA! ỌGBỌ̀N ÒṢÌṢẸ́! KÒ SÉYÌÍ TÓ JÓKÒÓ! ẸNI TÓ BÁ WỌLÉ LỌ JÓKÒÓ, ORÍ WA LÓ JÓKÒÓ LÉ!"

Mo fa báàgì. Kò jáde. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ àga, mo fà á. Bó bá ṣe há tó ni bọ́tìnnì ń tẹ̀ sí i. Bátìrì tuntun, ẹ̀yin òǹkàwé! Ojúlówó!

"ẸGBÀÁ ÀGA!"

"Ẹ̀yin alẹ́wù òjò," ọkùnrin ìlà keje sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "àga yín ń bú yín."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè. Mo rí tọ́ọ̀ṣì kan tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Máníjà ni. Ó dé ìpẹ̀kun ìlà kẹfà, ó tanná sí mi lára, ó rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi yọ.

"Ìdí kan!" ó ké láàárín gbọ̀ngán. "Mo rí ìdí kan! Ààrẹ Àga fúnra rẹ̀! Ọ̀rọ̀ àga parí!"

Adánìkanrò la ojú. Mo gbọ́ pé kì í la ojú bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ìlà kẹfà. Ó wo máníjà. Ó sún mọ́ maíìkì, ó fi ohùn tó fi ń kọrin bi wá, bí ẹni tó tají:

"Ta ló jókòó lé orí ta?"

Kò sí irọ́ tó kù lápò mi. Mo dìde. Mo ṣí ìbòrí, mo yọ awò.

"Èmi ni, sà. Àǹtí mi wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń dúró níbẹ̀, wọn ò fún un lágà. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo jí. Ó yẹ kí ìlà yìí ṣófo kí wọ́n lè fún un lágà. Orin yín ni mi ò lè fi sílẹ̀."

"ORÍ WA LÓ JÓKÒÓ LÉ!" àga náà fi tì í.

Adánìkanrò ronú. Ó ronú títí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú máníjà.

"Mo ń rò ó," ó wí.

Ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé, ó ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú láàárín èrò. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe. Obìnrin kan ní ìlà kẹrin fi ìka sí ètè.

"Ẹ dákẹ́! Orin ṣì ń lọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn nìyí."

Ó dìde, ó tẹ̀ lé e. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde. Ẹgbàá èèyàn dìde, wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn, wọ́n tẹ̀ lé olórin síta. Máníjà ń sáré láàárín wọn: "Ẹ jókòó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!" Wọ́n ń sọ fún un pé kó má ba orin jẹ́.

Nígbà tí mo já síta, mo bá àǹtí mi pẹ̀lú páálí rẹ̀ lọ́wọ́, Adánìkanrò sì wà níwájú rẹ̀. Ó ti gbé àpótí náà kalẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé e kalẹ̀ tán, ìrònú tún mú un, ló bá jókòó sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ojú.

Àǹtí mi wò ó títí. Kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ gbé àpótí yìí wá fún?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ẹ ṣé o. Ṣé ẹ ó wá dìde?"

Ó dìde. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àpótí. Àǹtí mi gbé páálí rẹ̀ fún alágbàálẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì jókòó. Ẹ̀yin èèyàn, èémí tí obìnrin yẹn mí, kò sí nínú orin Adánìkanrò kankan. Òun náà gbọ́ ọ. Mo rí i pé ó gbọ́ ọ. Ó gbé gìtá, ó parí orin ìbọ̀sẹ̀ lórí ìdúró, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Ìgbà náà ni àǹtí mi rí mi. Ó wo ẹ̀wù òjò mi láti òkè dé ilẹ̀.

"Bátìrì ńkọ́?"

Láti inú gbọ̀ngán lọ́hùn-ún, ohùn mi ń bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́: "... orí wa ló jókòó lé!"

"Mo ti rà á, Àǹtí."

Kò rẹ́rìn-ín.

"Mo gbóòórùn ọṣẹ lọ́jọ́ Ẹtì," ó wí. "Mo ní imú mi ló ń tàn mí. Mo ní ọmọ mi ò lè ṣe é."

Bó bá lù mí ni, ì bá sàn. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ń wò mí, alágbàálẹ̀ ti yí ẹ̀yìn sí mi. Máníjà sì dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìdí kan! Mo rí i! Gbogbo wọn ni ẹlẹ́rìí mi!"

Àǹtí mi fa ìwé jáde láyà, kò dìde. Ó nà án sí mi láìwo ojú mi.

"Ìwọ tó kàwé. Kà á."

Mo kà á. Ohùn mi ò ju ti èèrà lọ: "Bí ìlà kẹfà bá ṣófo nígbà tí orin bá parí, òṣìṣẹ́ yóò ní àga."

Àǹtí mi kọjú sí olórin.

"Ọmọ mi, ṣé orin yín ti parí?"

Ó ronú sí i.

"Ó ti parí, mà."

"Ó dáa. Máníjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ìlà kẹfà wá fún wa. Ta ló wà níbẹ̀?"

Máníjà wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Báàgì kan," ó wí.

"Ṣé báàgì nídìí ni?"

Ẹgbàá èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ìlà keje ló pàtẹ́wọ́ àkọ́kọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ayé wá dùn. Máníjà fún wọn lágà lóòótọ́: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oníke, fún ọgbọ̀n èèyàn. Ó ní ìwé yẹn kò sọ iye. Òótọ́ ni, kò sọ. Èmi tó kàwé ni mo kọ ọ́. A ṣì ń bá a fà á, a kò ní jáwọ́, kí ó má rò ó rárá. Adánìkanrò pa dà lọ sílé rẹ̀, ó fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún àǹtí mi. Mo gbọ́ pé ó ti ń kọ orin tuntun kan nípa báàgì tó há sínú àga. Mi ò tíì ní ìgboyà láti gbọ́ ọ.

Ní tèmi, wọ́n pè mí sí yàrá ìpàrọ̀ṣọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n gba oyè Ààrẹ lọ́wọ́ mi, alágbàálẹ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Wọ́n bi àǹtí mi pé kí ni ìdájọ́ mi. Ó ní kí n wọ bàtà òun, kí n dúró sí ẹnu ọ̀nà dípò òun lọ́jọ́ kan. Wákàtí mẹ́jọ. Mo rẹ́rìn-ín nínú. Mo ní, ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Oṣù mẹ́ta ni mo fi pariwo lórí ìdúró, mi ò dúró rí ju ìgbà tí mo bá fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ náà, ìrora kọ́kọ́ mú mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó di wákàtí kejì, ó gun ẹ̀yìn wá. Ní wákàtí kẹta, mo ti ń kórìíra gbogbo ẹni tó bá na tíkẹ́ẹ̀tì sí mi, mo ń kórìíra àwọn tí bàtà wọn bá ẹsẹ̀ wọn mu. Àǹtí mi jókòó sórí àpótí Adánìkanrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi páálí àtijọ́ fẹ́ ara rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ mi."

Ó bojú wo ẹsẹ̀ mi, ó tún padà sí atẹ́gùn rẹ̀.

"Kí i," ó wí. "Sọ fún un pé ó kú iṣẹ́."